Ẹ jáde lọ wá ohun tí wọ́n fi pamọ́

Ìrìn lásán máa ń sú tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wá nǹkan kiri, ẹsẹ̀ kì í tètè rántí pé ó rẹ òun. Àǹfààní tó wà nínú eré tí wọ́n ń pè ní geocaching nìyẹn.

Oregon, ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Dave Ulmer gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pamọ́ sínú igbó. Lónìí, fóònù ló ń júwe ọ̀nà. Ẹni tó bá rí ohun tí wọ́n fi pamọ́ yóò kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, yóò sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àgbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ ọmọ ní Ìlú Ọba, ẹ má jókòó sílé ṣáá. Ẹ pe ọ̀rẹ́, ẹ mú ọmọ-ọmọ dání, kẹ́ ẹ sì fi okùn fa ajá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún eégbọn inú koríko. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ yẹ ara yín, ara ọmọ àti ti ajá wò. Bí eégbọn bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún dì í mú níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kẹ́ ẹ rọra fà á jáde tààrà. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ràn kiri, tàbí tí ibà bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn bù yín jẹ. Oògùn wà fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́.