Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ọlájuwọ́n: Ẹ̀yẹ pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gbé orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ga nínú eré ìdárayá, wọn kì í yọ Hakeem Ọlájuwọ́n sílẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó lọ́jọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ òyìnbó tó gbà á sọ́dọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Guy Lewis lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2015 ló dágbére fáyé ní ìlú Kyle, ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́ni ọdún 93.

Ìtàn bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé kò yàtọ̀ sí àlọ́. Ní ọdún 1980, ọmọ ọdún 17 ni Ọlájuwọ́n. Sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà l'Ékòó. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló ti kọ́kọ́ mọwọ́ rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Nínú eré yìí, èèyàn márùn-ún márùn-ún ló máa ń kojú ara wọn, wọ́n á sì máa ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka irin tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti rí ọmọkùnrin náà nílẹ̀ Adúláwọ̀ ló júwe rẹ̀ fún Lewis ní Yunifásítì Houston. Lewis kò retí nǹkan bàbàrà. Kò rán ẹnikẹ́ni lọ pàdé àlejò náà ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n kàn ní kó wọ takisí máa bọ̀ ni. Nígbà tí ọmọ Èkó náà bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n rí i pé gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje, ojú wọn là.

Ta wá ni Lewis fúnra rẹ̀? Ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arp, ní Texas, ni. Ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Ó ṣiṣẹ́ ológun lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó dé, ó wọ Yunifásítì Houston, ó sì wà nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Ọdún 1953 ló padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì di ọ̀gá lọ́dún 1956. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló lò lórí oyè náà.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe tí wọn kò lè gbàgbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ. Láyé ìgbà yẹn, àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń pín èèyàn sọ́tọ̀ ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì àwọn aláwọ̀ funfun ni kò gba aláwọ̀ dúdú sínú ikọ̀ wọn. Ní ọdún 1964, Lewis mú ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì wá láti ìpínlẹ̀ Louisiana, Elvin Hayes àti Don Chaney. Àwọn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Houston.

Kò pẹ́ tí èso ìgboyà náà fi so. Lọ́jọ́ 20, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1968, Houston kojú UCLA, ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí nínú ìdíje 47 léraléra. Lewis wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n gbá a ní Astrodome, pápá ńlá tí wọ́n bò lórí. Èèyàn 52,693 ló wọlé wò ó, tẹlifíṣàn sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà lálẹ́ ọjọ́ náà. Houston borí pẹ̀lú ayò 71 sí 69, Hayes nìkan ló sì jẹ 39 níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ti mọ̀ pé owó wà nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àsìkò Ọlájuwọ́n ni òkìkí Lewis tún kàn. Ní ọdún àkọ́kọ́ tó dé, wọn kò gbà kó kópa nínú ìdíje kankan. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, tí wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ lò ó, ó bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè ṣe. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone ṣe ìgbáradì, ọ̀kan lára àwọn òléwájú tó ń fi eré náà jẹun nígbà náà. Kò sáàánú níbẹ̀: àgbà ń ti ọmọdé, ọmọdé ń ti àgbà padà. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó ti gbówọ́.

Lewis fẹ́ràn kí agbábọ́ọ̀lù fò sókè, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ki bọ́ọ̀lù bọ inú òrùka. Tọ́wẹ́ẹ̀lì tótòtó aláwọ̀ pupa àti funfun kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ létí pápá. Ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, ikọ̀ rẹ̀ wà lára mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìdíje gbogbo yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ọdún 1983 ló kó ìbànújẹ́ bá a. Houston ti borí nínú ìdíje 26 léraléra kó tó kojú North Carolina State ní àṣekágbá. Wọ́n ń léwájú, ni Lewis bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ rọra máa gbé bọ́ọ̀lù kiri kí àkókò lè lọ. Ìwúrí ikọ̀ náà já. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn, ẹni kan nínú ikọ̀ kejì fò sókè, ó sì ki bọ́ọ̀lù bọ inú òrùka: 54 sí 52. Ohun tí Lewis fi ń ṣẹ́gun àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọlájuwọ́n ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ pàdánù.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé Lewis kò mọ nǹkan kan, pé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn ló ń gbé e ga. Nígbà tó fẹ̀yìntì lọ́dún 1986, ó ti borí nínú ìdíje 592, ó pàdánù 279, síbẹ̀ kò gba ife tó ga jù lọ rí.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí àjọ NBA ṣa 50 agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù lọ lọ́dún 1996, mẹ́ta nínú wọn ló ti ọwọ́ Lewis jáde: Hayes, Clyde Drexler àti Ọlájuwọ́n. Chaney di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Houston Rockets, ó sì tọ́ Ọlájuwọ́n sọ́nà níbẹ̀. Ọlájuwọ́n gba ife NBA lọ́dún 1994 àti 1995, òun àti Drexler ni wọ́n sì jọ gba ti kejì. Bí ẹni kan ò bá mọ nǹkan kan, ṣé irú àwọn èèyàn báyìí ló máa tọ́wọ́ rẹ̀ jáde?

Wọ́n ti gba Hayes sí ilé ìdánilọ́lá Naismith tó wà ní Springfield lọ́dún 1990. Wọ́n gba Drexler lọ́dún 2004, Ọlájuwọ́n lọ́dún 2008. Ọ̀gá wọn ṣì wà níta. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lọ́dún 2002, ọ̀pọ̀ sì rò pé ikú ló máa ṣáájú ẹ̀yẹ dé. Ọdún 2013 ni wọ́n tó gba òun náà wọlé, ọdún 27 lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 91. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Lónìí, ilé ìgbáradì tí wọ́n ṣí ní Yunifásítì Houston lọ́dún 2016 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlú kan náà ni ọmọ ọdún 17 kan ti bọ́ sílẹ̀ nínú takisí lọ́dún 1980, tí ẹnikẹ́ni kò lọ pàdé rẹ̀. Guy Lewis kò gba ife tó ń wá. Àwọn ọmọ tó tọ́ ni wọ́n gbà á.