Ìkànnì Kan, Ojú Ewé fún Agbègbè Kọ̀ọ̀kan: Ìlàlóye fún Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì Ìlera

Ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé Ṣakí, tó ń wá ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí fóònù rẹ̀, kò nílò ìròyìn Ìbàdàn. Ilé ìlera tó wà nítòsí ló ń wá, àti ọjọ́ tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33. Bí ọ́fíìsì ìlera bá da ìròyìn gbogbo wọn pọ̀ sójú ewé kan, ìyá náà á wá a tì. Bí wọ́n bá sì ṣí ìkànnì 33 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó á pọ̀, iṣẹ́ ààbò á pọ̀, kò sì ní pẹ́ tí òmíràn nínú wọn á fi dahoro.

Ọ̀nà kan rọrùn ju méjèèjì lọ: kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ lábẹ́ ìkànnì àgbà.

Ibi tí wọ́n ti ń lò ó

UNICEF ń lo ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá kọ unicef.org á rí iṣẹ́ wọn káàkiri àgbáyé. Bó bá fi /nigeria kún un, ti Nàìjíríà ló máa rí. Bó bá jẹ́ /benin ni, èdè Faransé ni wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀. BBC náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2018 wà ní bbc.com/yoruba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ /hausa, /igbo àti /pidgin.

Wikipedia gba ọ̀nà míì: àmì èdè ló ń ṣáájú, bíi yo.wikipedia.org. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tí wọ́n á ṣe fún un. Ní ti fódà, orúkọ kan àti ìwé ẹ̀rí ààbò kan ti tó gbogbo wọn. Ará ìlú tó sì ti mọ ìkànnì ìjọba tó parí sí .gov.ng á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú fódà náà kò wá láti ọ̀dọ̀ oníjìbìtì.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Lẹ́tà kéékèèké tí kò ní àmì ni kí wọ́n fi sọ fódà lórúkọ: /saki, /ogbomoso. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní /ṣakí, tí ẹnì kan sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè di /%E1%B9%A3ak%C3%AD, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó gbà á láti tẹ̀ ẹ́. Inú ojú ewé gan-an ni kí àmì ohùn ti pé.

Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àmì hreflang ni wọ́n fi ń jẹ́ kí Google mọ̀: yo fún Yorùbá, en fún Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ewé méjèèjì gbọ́dọ̀ tọ́ka síra wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Google lè má ka àmì náà sí. Kí wọ́n má kọ ng nìkan torí pé Nàìjíríà ló wà lọ́kàn wọn. Nínú àkójọ àmì èdè, Ndonga tí wọ́n ń sọ ní Namibia àti Angola ni ng. Yorùbá ti Nàìjíríà ni yo-NG.

Èdè àti orílẹ̀-èdè nìkan ni àmì yìí mọ̀; kò mọ ìyàtọ̀ Ṣakí sí Ìbàdàn. Ohun tó wà nínú fódà ló máa fi ìyàtọ̀ hàn.

Kí ìkànnì má sì fipá gbé ẹnikẹ́ni lọ sí fódà kan nítorí ibi tó rò pé ẹni náà wà. Fóònù tó wà ní Ṣakí lè hàn bí ẹni pé Èkó ló wà. Kí orúkọ àwọn ìlú wà lójú ewé àkọ́kọ́, kí oníkálukú yan tirẹ̀.

Ìtọ́jú

Fódà 33 tó jẹ́ pé orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú wọn kò ran aráàlú lọ́wọ́, Google sì lè yọ wọ́n kúrò nínú èsì àwárí. Àdírẹ́sì ilé ìlera, ọjọ́ abẹ́rẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe ojú ewé náà kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bí ìkànnì àgbà bá dákú, gbogbo fódà ló máa bá a dákú, nítorí náà ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà níbòmíì.

Kí ọ́fíìsì tó ṣí fódà kankan, kó kọ́kọ́ yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó o. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá tíì ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ìròyìn rẹ̀ ṣì wà lójú ewé ìkànnì àgbà ná.