Ọkọ̀ tí ń fò lórí omi àti ìbéèrè àwọn ọlọ́kọ̀ Nangbéto

Ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru ṣì bo ojú adágún Nangbéto, ìró àjẹ̀ tí ń kan omi ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́. Ọkọ̀ igi ni ọ̀pọ̀ apẹja ibẹ̀ ń lò. Ẹnì kan jókòó ní ìdí ọkọ̀, ó ń tu ú; ẹnì kejì wà níwájú, ó ń fa àwọ̀n. Bí ọlọ́kọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì bá ń kọjá lọ, ariwo rẹ̀ a gba etí omi kan, òórùn epo a sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà àwọn bàbá wa títí di òní, agbára tí a mọ̀ pé ó ń gbé ọkọ̀ lórí omi kò ju mẹ́ta lọ: apá ènìyàn, afẹ́fẹ́ àti epo. Nísinsìnyí ìkẹrin ti dé, ariwo rẹ̀ sì ti ń kàn lágbàáyé.

Ní orílẹ̀-èdè Sweden ni ilé-iṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní Candela. Gustav Hasselskog ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2019 wọ́n gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan jáde, wọ́n pè é ní C-7. Ní ọdún 2021 wọ́n fi C-8 tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ eléré fún àwọn olówó ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́jọ àbọ̀, kò sì mu epo rárá: iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀. Irú bátìrì ńlá tí ó wà nínú mọ́tò Polestar ni wọ́n fi sí inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gba iná sí i kún, ó lè rin nǹkan bí 100 kìlómítà, pẹ̀lú eré bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu jù lára rẹ̀ wà lábẹ́. Apá méjì bí ti ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bí eré bá ti le dé ìwọ̀n kan, omi tí ń kọjá lára apá náà a gbé ọkọ̀ dìde, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ẹyẹ. Ikùn ọkọ̀ a kúrò nínú omi pátápátá, apá nìkan ni yóò kù sísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń yí apá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún láìdúró, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Gbogbo ẹni tí ó ti tukọ̀ rí mọ̀ pé omi wúwo, ó sì máa ń di ọkọ̀ mú. Nígbà tí ikùn ọkọ̀ kò bá fara kan omi mọ́, agbára díẹ̀ ni yóò tó láti gbé e. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ọkọ̀ yìí ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára tí ọkọ̀ eléré mìíràn ń ná pamọ́.

Kí ni ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ rí yìn níbẹ̀? Ó pa rọ́rọ́, ènìyàn lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì pariwo. Kò da epo sínú omi. Kì í ru ìgbì tí yóò gbọn ọkọ̀ kékeré ẹlòmíràn tàbí tí yóò máa jẹ etí odò. Ìyìn náà tọ́. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ju 250,000 yúrò lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí owó tiwa, ó ju mílíọ̀nù 160 sẹ́fà lọ. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀, nítorí omi kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ náà wá sí Nangbéto. Adágún yìí, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Atakpamé, kì í ṣe adágún àdáyébá. Tógò àti Benin ni wọ́n pawọ́ pọ̀ sé odò Mono láti rí iná mànàmáná, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1987. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè mú mẹ́gáwáàtì 65 jáde. Nígbà tí adágún bá kún, ó tẹ́ dé nǹkan bí 180 kìlómítà onígun mẹ́rin. Omi bo oko àti ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Àwọn kan tí wọ́n ń fi ọkọ́ jẹun tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń fi àwọ̀n jẹun, àwọn apẹja láti ọ̀nà jíjìn sì wá bá wọn níbẹ̀.

Igi tí omi bò kò kúrò nílẹ̀ tán. Kùkùté wà lábẹ́ omi tí ojú kò rí, apẹja tí ó mọ ibẹ̀ sì mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni mọ àgbàlá bàbá rẹ̀. Ní ìgbà òjò, omi a kún. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, a fà sẹ́yìn, ilẹ̀ a sì yọ níbi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Àwọ̀n ọlọ́mọ-ọlọ́mọ wà nílẹ̀ káàkiri. Erinmi pàápàá ń gbé inú adágún náà. Ọkọ̀ tí ó ní apá lábẹ́, tí ó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ni yóò ṣe bí apá rẹ̀ bá kan kùkùté, tàbí bí ó bá kó sínú àwọ̀n tí ẹnì kan yá owó rà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọkọ̀ igi kò lè fò, ṣùgbọ́n ó lè wọ ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, kí ó sì jáde ní àlàáfíà.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1909, ní Amẹ́ríkà, Ole Evinrude, ọmọ bíbí Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun ìgbafẹ́ ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Lẹ́yìn náà ó dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, ó sì di irinṣẹ́ apẹja láti Senegal títí dé Ghana àti Tógò. Yamaha oníagbára ẹṣin 40 ni gbajúmọ̀ láàárín wọn. Kì í ṣe pé ó yá ju gbogbo wọn lọ ni ó fi gbajúmọ̀. Mẹkáníìkì etí omi lè tú u, kí ó sì tún un tò. Ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ohun tí a kò lè tún ṣe ní ìlú wa, bí ó ti wù kí ó dára tó, àlejò ni títí láé.

Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn ní ẹnu. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ó lè mu lítà 15 sí 20 ẹ̀sáǹsì ní wákàtí kan, láì ka òróró tí a ń pò mọ́ ọn. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, owó epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ nínú owó ẹja. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín ìyókù: ìpín kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún àwọ̀n, kí ó tó wá kan àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa àwọ̀n náà. Bí epo bá wọ́n tí ẹja kò sì pọ̀ sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jí ní aago mẹ́rin ni yóò gbé òfo lọ sílé. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọlọ́kọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: lítà epo, wákàtí tí a lò, ìwọ̀n ẹja àti iye tí a tà á. Ẹni tí ó lè ka ìwé yẹn ní èdè abínibí rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fi ìṣirò rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣé kí a wá pa ojú dé sí ọkọ̀ tuntun náà ni? Rárá o. Ní ọdún 2024, ní Stockholm, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà fi ọkọ̀ alápá mìíràn, P-12, sí iṣẹ́ gbígbé èrò. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbafẹ́ olówó ti di ọkọ̀ èrò láàárín ọdún márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ Torqeedo ní Jámánì náà ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná láti ọdún 2005, tí a lè gbé kọ́ ọkọ̀ kékeré láìsí apá kankan. Irú èyí ni ó sún mọ́ wa jù. Ọkọ̀ tí ń gbé àlejò lọ sí Ganvié lórí adágún Nokoué lè lò ó lọ́la, ọkọ̀ tí ń sọdá Nangbéto náà sì lè lò ó, bí ibi tí a ti ń gba iná bá wà létí omi. Odò Mono ni ó ń fún wa ní iná. Kò burú bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé lórí omi náà.

Kí ọlọ́kọ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fọwọ́ sí ìwé gbèsè, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ó bi ẹni tí ń ta ọkọ̀. Ṣé omi tiwa gbà á? Ta ni yóò tún un ṣe, níbo? Kí ni yóò máa jẹ lójoojúmọ́? Ẹja mélòó ni a ó pa kí a tó san owó rẹ̀ tán? Bí ìdáhùn kan kò bá mọ́lẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó mú àjẹ̀ rẹ̀ kí ó máa tu lọ ná. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.