Mímú Ilé Àgùdà Tutù Láìba Ìrísí Rẹ̀ Jẹ́

Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó wà ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n ti kọ́ kí iná mànàmáná tó wọ ilé aráàlú. Àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ wọn jẹ́ àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì gbé ọgbọ́n ìkọ́lé tí ó bá ilẹ̀ olóoru mu bọ̀. Ògiri nípọn débi pé ooru ọ̀sán máa ń pẹ́ kí ó tó dé inú yàrá, àjà ga kí atẹ́gùn gbígbóná lè gòkè kúrò lórí àwọn ènìyàn, fèrèsé sì jẹ́ onípákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní dídagun, èyí tí ń dènà oòrùn àti òjò ṣùgbọ́n tí kì í dènà afẹ́fẹ́. Àgbàlá náà kì í ṣe àlàfo lásán: ní ilé ìdílé da Rocha ní òpópónà Kákáwá, kànga inú ọgbà ni ó sọ ilé náà ní Water House, ìyẹn Ilé Omi.

Nítorí náà, bí owó iná irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ga lónìí, kì í sábà jẹ́ ogbó ilé ni ó fà á, bí kò ṣe àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn: wọ́n yọ fèrèsé onípákó, wọ́n fi gíláàsì dípò rẹ̀, wọ́n fi páànù bo àgbàlá kí wọ́n lè rí ṣọ́ọ̀bù yọ níbẹ̀, wọ́n sì wá ra ẹ̀rọ amúlétutù láti fi wá ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn lé lọ. Dídá àwọn nǹkan wọ̀nyí padà sí bí wọ́n ti wà ni ó yẹ kí onílé fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri gba sùúrù. Ilẹ̀ Èkó kún fún omi, omi náà sì máa ń fà gòkè nínú bíríkì àtijọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá fi fi ẹfun jíjó, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí a rí nípa sísun òkúta ẹfun, rẹ́ ẹ kí ọ̀rinrin lè ráyè jáde. Bí bíríkìlà bá wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni fi ọ̀rá wé ẹni tí ń làágùn. Ẹni tí ó bá wo ìsàlẹ̀ ògiri náà, ní nǹkan bí ìwọ̀n orúnkún, yóò rí ọ̀dà tí ó wú tí ó sì ń ṣí, pẹ̀lú ohun funfun bí iyọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri tútù bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí yàrá rin, inú rẹ̀ kì í sì í tu ara, èyí tí ń mú kí àwọn ènìyàn tan ẹ̀rọ amúlétutù pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Orí ilé ni ooru tí ó pọ̀ jù ti ń wọlé. Òwú tí a ṣe fún ìdènà ooru ṣeé tẹ́ sórí àjà níbi tí ojú òpópónà kò ti lè rí i, bí káfíńtà kò bá ti dí ihò atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ òrùlé, nítorí pé igi tí kò rí atẹ́gùn yóò jẹrà. Fáànù òkè àjà kì í sábà jẹ ju wáàtì 75 lọ, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù kékeré lè jẹ nǹkan bíi wáàtì 900. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 sì ń tàn tó èyí àtijọ́ tí ń jẹ wáàtì 60. Ṣùgbọ́n kí a tó fi èyíkéyìí nínú wọn sílé, kí oníná yẹ wáyà àtijọ́ wò ná. Sólà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òrùlé ni àyè rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé igi òrùlé lè gbé e.

Ilé tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè wà lábẹ́ òfin 1979, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Síbẹ̀, ìkéde nìkan kò tó: ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ìlójò Bar ní gbàgede Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855 tí wọ́n sì kéde ní 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Fún ilé tí ó ṣì dúró, kí onílé ya fọ́tò gbogbo yàrá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Pákó fèrèsé tí a bá sì yọ, kí a kọ nọ́ńbà yàrá sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a tò ó sí ibi gbígbẹ tí ikán kò lè dé, títí di ọjọ́ tí a ó dá a padà sáyè rẹ̀.