Ẹgbẹ́ Ìwádìí Àfonífojì Odò Ọya àti iṣẹ́ fọ́tò

Ẹgbẹ́ Ìwádìí Àfonífojì Odò Ọya jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1859, láti ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ náà àti láti wá ibi tí àwọn ènìyàn wọn lè tẹ̀dó sí. Ìrìn àjò náà gbé wọn dé Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Ó yẹ fún àkíyèsí nínú ìtàn iṣẹ́ fọ́tò, nítorí pé oníṣẹ́ fọ́tò kan wà lára àwọn tí wọ́n yàn, ṣùgbọ́n kò bá wọn dé.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n yàn: Martin Delany tó jẹ́ olórí, Robert Campbell, olùkọ́ tí a bí ní Jàmáíkà, tí yóò mójú tó ọ̀rọ̀ ewéko, ẹranko àti òkúta, dókítà kan, akọ̀wé kan, àti Robert Douglass tó jẹ́ ayàwòrán. Owó tí wọ́n rí kó jọ kò tó, Delany àti Campbell nìkan ló sì dé ilẹ̀ Yorùbá.

Douglass (1809–1887), ọmọ Philadelphia, kì í fi ọwọ́ nìkan yàwòrán. Ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó tètè kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Amẹ́ríkà. Nígbà kan tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba kọ̀ láti fún un ní ìwé ìrìnnà, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Fọ́tò nínú ìrìn àjò ìwádìí

Kì í ṣe àṣejù láti fi oníṣẹ́ fọ́tò kún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní 1845, John Franklin gbé ohun èlò fọ́tò lọ sí ilẹ̀ yìnyín ní òpin àríwá ayé. Òun àti gbogbo àwọn tó bá a lọ ló kú síbẹ̀. Ní 1858, David Livingstone mú àbúrò rẹ̀, Charles, lọ sí odò Zambezi láti máa ya fọ́tò.

Iṣẹ́ náà le. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń lò láti 1851, oníṣẹ́ yóò da oògùn sórí gíláàsì, yóò rì í sínú omi fàdákà, yóò ya fọ́tò, yóò sì fọ̀ ọ́ kí oògùn náà tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, àgọ́ tó ṣókùnkùn, ìgò oògùn, gíláàsì àti omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà ní tòsí. Ní ilẹ̀ yìnyín, omi a dì. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oògùn a tètè gbẹ, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Orí ni wọn ì bá sì fi ru gbogbo ẹrù náà.

Ohun tí ó bọ́ lọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1860 tí Delany àti Campbell dé Ọ̀yọ́, Aláàfin Àtìbà tó tẹ ìlú náà dó sí ibi tó wà títí di òní ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà ni, Adélù ọmọ rẹ̀ ló sì wà lórí oyè. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gbà á ní ọba, èyí sì di ogun lọ́dún náà. Nígbà tí yóò fi di 1862, Ìjàyè ti pa run. Douglass ì bá ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ ní agbègbè yìí kété kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn méjèèjì kọ ìwé nípa ìrìn àjò wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1861. Campbell padà wá gbé ní Èkó ní 1862, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ní 1871, Richard Maddox ṣe gíláàsì olóògùn gbígbẹ, èyí tí a lè gbé pamọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ya fọ́tò tán. Ní 1910 tí Leo Frobenius ará Jámánì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀, Herbert Ponting náà wà lójú ọ̀nà Antarctica pẹ̀lú ikọ̀ Robert Scott, ó sì ń lo irú gíláàsì bẹ́ẹ̀.