Ẹgba kọ́ ló ń lé ẹ̀rù lọ: ohun tí ẹṣin kọ́ mi nítòsí Beltsville

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo já bọ́ lórí ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ ìró pátákò ẹṣin, àyà mi á já.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé Balógun ni wá. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé wọ̀nyí a máa gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ níbi ọdún Ojúde Ọba. Dádì mi fẹ́ kí èmi náà wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ilé ẹṣin kan nítòsí Beltsville, ní Prince George's County, Maryland, tí kò jìnnà sí yunifásítì mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò gun nǹkan kan. Olùkọ́ wa ní kí n kàn dúró, kí n rọra máa mí. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, eré ló máa ń sá. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi nìkan kọ́ lẹ̀rù ń bà.

Báyìí la ṣe ń kọ́ ọ: o máa fa okùn díẹ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan péré, o máa dẹ okùn náà lójú ẹsẹ̀. Dídẹ okùn yẹn ni èrè rẹ̀. Bó bá da etí sẹ́yìn, o máa sún sẹ́yìn, o máa fún un láyè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹṣin náà fúnra rẹ̀ wá gbé imú lé àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ọdún 1833 ni wọ́n bí William Key sínú ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwòsàn ẹranko, ó sì tọ́ ẹṣin kan, Beautiful Jim Key, láì lo pàṣán rárá. Ní ìpàtẹ àgbáyé St. Louis lọ́dún 1904, èrò rọ́ lọ wo ẹṣin tó ń fi ẹnu ṣa lẹ́tà. Ẹni tí wọ́n bí sí ibi tí ẹgba ti jẹ́ òfin ló kọ̀ láti gbé ẹgba.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gun ẹṣin yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dádì. Wọ́n bi mí pé, "Ẹgba ẹ dà?" Mo ní, "Dádì, a ò lò ó níbí o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́rù ẹṣin ń bà, ẹ má tíì ronú gàárì. Ẹ kọ́kọ́ lọ dúró tì í.