Alààyè Ni A Ṣe Áńbúláǹsì Fún

Bí ẹ bá ń gbé ní ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo wá sí Ìkìrun, tí ó gba Ìníṣà kọjá sí Òkukù, tí ó sì ń lọ sí Ọ̀fà, ẹ ó ti gbọ́ fèrè áńbúláǹsì rí. Kí ni àwọn ènìyàn máa ń wí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ? Ìyá oníṣòwò a gbé ọwọ́ lé àyà, a ní, "Òkú ta ni wọ́n tún ń gbé lọ yìí?" Èmi kò bá a wí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a kọ áńbúláǹsì sí lára ní ilẹ̀ wa, òkú ni wọ́n ń gbé lọ sí ìlú rẹ̀, pẹ̀lú fèrè àti ariwo. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba aláìsàn láti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n alààyè ni a ṣe áńbúláǹsì fún. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bí kò ṣe ní ibi tí ẹni náà ṣubú sí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a da òkú pọ̀ mọ́ alààyè. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ àwọn asìnkú ni ó ń gbé aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní Pittsburgh, ọkọ̀ ọlọ́pàá náà ń gbé wọn, láìsí ẹni tí yóò tọ́jú wọn lọ́nà. Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Freedom House. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni òṣìṣẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Dókítà Peter Safar rí i pé a kọ́ wọn ní ìtọ́jú pàjáwìrì dáadáa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà títí di 1975, ayé sì rí i pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè gba ẹ̀mí là nínú ọkọ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ilẹ̀ tiwa, Ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ áńbúláǹsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2001. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá ti rẹ̀, tí a ń pè ní O'Ambulance, sílẹ̀ ní àsìkò Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ẹni tí ó ṣe ìjọba láti 2010 sí 2018.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn bá olùtọ́jú pàjáwìrì kan rìn ní ọjọ́ kan. Ká ní Ìkìrun ni ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró sí. Aago méje òwúrọ̀ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ti òru. Aago méje alẹ́ ni yóò sì fi í sílẹ̀. Kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, ó ti yẹ gbogbo inú ọkọ̀ wò. Ṣé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nínú agolo rẹ̀? Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Báńdéèjì ńkọ́, àti pákó tí a fi ń de eegun tí ó ṣẹ́? Ohun tí a kò bá rí ní àárọ̀, a kò ní rí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí wọ́n fi pè é: ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ti forí gbárí lẹ́bàá Ìníṣà. Nígbà tí ó débẹ̀, kò sáré wọ àárín títì. Bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Awakọ̀ rẹ̀ fi ọkọ̀ dá ọ̀nà dúró ná. Àwọn ènìyàn ti di ọlọ́kadà náà mú, ẹnì kan ní apá, ẹnì kan ní ẹsẹ̀, wọ́n fẹ́ ju ú sínú takisí. Àánú ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bí eegun ọrùn bá ti ṣẹ́, irú gbígbé bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni náà di arọ títí ayé. Ó ní kí wọ́n rọra fi í sílẹ̀, ó di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí ó má baà mì, ó wò ó bóyá ó ń mí, ó sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Bí òpójẹ̀ ńlá bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa ènìyàn.

Ní ọ̀sán, ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ni, ní Ìkìrun. Ọmọ ti dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá, nítorí ilé-ọmọ kò sún kì. Agbẹ̀bí ti fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń wọ́ ikùn rẹ̀, Òṣogbo ni ó sì kù kí á gbé e lọ. Ni ìyá ọkọ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó mi kò tíì kú o! Kò ní wọ ọkọ̀ yẹn!" Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Kí wọ́n má baà kú ni a ṣe wá." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àríyànjiyàn yẹn gbà. Lójú ọ̀nà, ó ń wọn ìfúnpá, ó ń fi aṣọ bò ó, ó sì ń fi tẹlifóònù sọ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọdún méjì tí gìrì mú ní Òkukù. Wọ́n ti fẹ́ fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń wá ìtọ̀ màlúù. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́: ṣíbí a máa ká eyín, ìtọ̀ màlúù a sì máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, tí yóò fi dákú pátápátá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, oògùn ilé ìwòsàn ni ó kù.

Aago méje ku díẹ̀ ni ìpè ìkẹyìn dé. Bàbá àgbà kan ti ṣubú láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ àyálò ni wọ́n ń wá kiri. Nígbà tí ó débẹ̀, ara ti tutù. Ó kí àwọn ọmọ kú ara fẹ́ra kù. Wọ́n ní kí ó bá àwọn gbé bàbá lọ. Ó bẹ̀ wọ́n, kò gbé e. Ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo de alààyè. Ó padà sí Ìkìrun, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó kọ ohun gbogbo sínú ìwé, ó sì wá rántí oúnjẹ tí ó gbé wá ní àárọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú gbogbo ìpè wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn tí ó wà nítòsí ni ó kọ́kọ́ kan aláìsàn. Nítorí náà, ẹ mọ nọ́ńbà 112, èyí tí a ń pè fún pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà. Ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Ẹ má kàn wí pé "ọ̀nà Ìníṣà". Ẹ dárúkọ ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí afárá tí ó wà nítòsí. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè lẹ́yìn yín, ẹ yà fún un. Ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín: òfin ìlera tí a ṣe ní 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tiyín ni yóò tẹ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ tiwọn ni yóò gbé e dé Òṣogbo. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún gbọ́ fèrè náà, ẹ má bèèrè òkú ẹni tí wọ́n ń gbé lọ. Ẹ gbàdúrà fún ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kúrò lọ́nà.